Ìpín Àbúrò Mi Nínú Oògùn Mi

Ẹ̀yin tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ikọ́ ife ló ń bá yín jà, tí ẹ jókòó sójú kan tí ẹ ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí owó rẹ̀ bọ́ sọnù, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Múìbátù ni orúkọ mi, aránṣọ ni mí. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí, Ìkòròdú ni mo lọ́kọ sí. Ìwé tí mo kà kò ju kíláàsì mẹ́rin lọ, nítorí náà, bí ẹ bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi kò gún, ẹ bá mi fojú fò ó. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni pé àìsàn yìí ṣeé wò. Ó ṣe mí, mo sì wà láàyè. Ṣùgbọ́n ó ṣe ẹnì kan tí mo fẹ́ràn, ẹni náà kò sí mọ́, ọwọ́ mi sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ọdún tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ló bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìyá ọmọ ní Ìkòròdú ló ń wá ẹni tí yóò rán yúnifọ́ọ̀mù, èmi náà sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Mo ń wúkọ́, mo ní èérún aṣọ ni. Òógùn ń bò mí bí ẹni tí wọ́n da omi lù, mo ní ooru ni. Bùbá mi tú mọ́ mi lára, mo dín in. Ó di oṣù kejì, ó tún tú, mo tún dín in. Ìgbà tí mo mú abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta ni mo tó bi ara mi pé, Múìbá, kí ló ń jẹ ọ́ lẹ́ran? Èmi tí mo máa ń fojú wọn ẹni tó bá ń kọjá lójú títì, n ò rí ti ara mi. Ní ọjọ́ kan mo húkọ́ sórí yúnifọ́ọ̀mù ọmọ ọlọ́mọ, mo rí ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀. Mo fọ̀ ọ́, mo lọ̀ ọ́, mo gbé e fún ìyá ọmọ náà, mo sì gba owó iṣẹ́ mi. Ojú ṣì ń tì mí nítorí aṣọ yẹn di òní.

Ìyá ọkọ mi gbé àgbo dé. Ààfáà àdúgbò wa fọ hàńtú fún mi. Mo mu méjèèjì, mo tún jẹ oríṣiríṣi nǹkan kíkorò tí n kò mọ orúkọ wọn. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí a dárúkọ àìsàn náà. Ìyá ọkọ mi ní, “Bí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé òtútù ló mú ọ láyà. Ta ló fẹ́ kó aṣọ fún ẹni tó ń wu irú ikọ́ bẹ́ẹ̀ rán?” Kò parọ́ nínú ìyẹn. Ọkọ mi tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ló ní àgbo ti tó, ó ní ká lọ rí dókítà.

Dókítà kan wà ní Ìkòròdú nígbà náà tí ilé ìwòsàn rẹ̀ kò ju yàrá mẹ́ta lọ. Èmi ni mo máa ń rán aṣọ funfun àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń pè mí ní Aránṣọ. Ó fi ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà sí mi láyà, ó gbé e sí mi lẹ́yìn, ó ní kí n mí, kí n tún mí. Ó jókòó.

“Aránṣọ, mo mọ ohun tó ń ṣe ọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kọ́ ló máa ti bẹ̀rẹ̀.”

Bí ó ṣe ṣàlàyé òfin náà fún mi nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ fetí sí i dáadáa, nítorí òun ló gbé gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Oògùn ikọ́ ife wọ́n gan-an. Ìjọba ló ń san èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀, kí mẹ̀kúnnù lè rí i lò. Ṣùgbọ́n dókítà àgbà ní ilé ìwòsàn ńlá l’Ékòó nìkan ló lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Òun ni yóò wo fọ́tò àyà ẹni, tí yóò kọ ìwé lórúkọ ẹni. Ìwé yẹn ni a ó gbé wá bá dókítà ìtòsí wa, òun ni yóò máa fún wa ní oògùn lóṣooṣù. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìwé náà ti kú nìyẹn, a ó padà lọ s’Ékòó gba òmíràn. Dókítà ìtòsí kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tí dókítà àgbà kò tíì rí, kò gbọdọ̀ fi kún un, kò gbọdọ̀ yọ kúrò níbẹ̀. Bí ó bá dá a kọ fúnra rẹ̀, ó di kí aláìsàn lọ rà á ní ṣọ́ọ̀bù àwọn òyìnbó ní iye tí wọ́n bá pè é. Orúkọ kan, ìwé kan, àyà kan. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́ fún mi.

A lọ s’Ékòó. Oòrùn kò tíì yọ tí a fi débẹ̀, síbẹ̀ ìlà ti yí ilé ká. Gbogbo wa ń wúkọ́. Obìnrin àgbàlagbà kan tó jókòó níwájú mi bojú wẹ̀yìn, ó ní, “Ọmọ mi, ìyẹn náà ni o pè níkọ́? Lọ sílé, kó o lọ jẹ́ kó gbó.” Mo rẹ́rìn-ín títí àyà fi ń dùn mí. Ọjọ́ yẹn kò kàn wá, ọjọ́ kejì kò kàn wá. Ọjọ́ kẹta ni dókítà àgbà rí mi, tó gbé fọ́tò àyà mi sójú iná, tó fi ìka tọ ibi tó ti jẹ. Wọ́n dá mi dúró fún oṣù méjì, wọ́n ń gún mi lábẹ́rẹ́ lójoojúmọ́. Ìgbà tí mo fi máa kúrò níbẹ̀, mo ti sanra díẹ̀, ìwé mi sì wà nínú àpò mi.

Mo délé, ìyá ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Rúkáyátù, ọmọ mi kan ṣoṣo, wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń na ọwọ́ sí mi. Ìyá ọkọ mi ní, “Múìbá, má bínú sí mi. Nítorí ọmọ yìí ni. Lọ dúró lọ́dọ̀ ìyá rẹ títí ara rẹ á fi yá tán.” N ò bá a jà. Bó bá jẹ́ èmi ni, bóyá ohun tí mo máa sọ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n mo sunkún látorí omi dé Ẹ̀pẹ́, àwọn èrò ọkọ̀ rò pé òkú ni mo fẹ́ lọ sin.

Ìyá wa ń yan ẹja tà ní Ọjà Olúwo. Yàrá kan ni òun àti àbúrò mi, Sikírátù, ń gbé. Sikírá jẹ́ ọmọ ogún ọdún, òun ni àbígbẹ̀yìn. Dókítà àgbà ti kìlọ̀ fún mi kí n tó kúrò l’Ékòó: dá sùn, ní ife tìrẹ, ní àwo tìrẹ. Mo sọ ọ́ fún ìyá wa. Ìyá wa wò mí títí.

“Ṣé ajá ni ọ́ ni, tí a ó fi máa bu oúnjẹ tìrẹ sọ́tọ̀?”

Sikírá ní tòun, òun kò lè jẹ́ kí Àǹtí òun dá sùn nínú ilé tí wọ́n bí i sí. Ó fa ẹní rẹ̀ mọ́ tèmi. Ó máa ń fi ẹ̀yìn ti ẹ̀yìn mi sùn bíi ti ìgbà tó wà lọ́mọdé. Kí n sọ òótọ́, inú mi dùn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dárúkọ àìsàn yìí fún mi, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí kò sá fún mi.

Oṣooṣù ni mo ń wọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìkòròdú lọ gba oògùn. Oríṣi méjì ni. Ọ̀kan kéré, ó funfun. Èkejì tóbi débi pé a ní láti rì í sómi kó rọ̀ ká tó lè gbé e mì, ó sì máa ń da inú ẹni rú. Bí mo bá gbà á tán, màá gba iwájú ilé ọkọ mi kọjá. Wọ́n á gbé Rúkáyá sí ojú fèrèsé kí n lè rí i.

Ó pẹ́ díẹ̀, Sikírá bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́. Ìyá wa ní èéfín ẹja ni. Èmi tí mo ti pe tèmi ní èérún aṣọ rí, mo mọ̀ pé kì í ṣe èéfín. Ìdána Sikírá ti kọjá, ìgbéyàwó rẹ̀ ku oṣù mẹ́rin. Mo ní kó tẹ̀ lé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà ní Ìkòròdú. Dókítà gbọ́ àyà rẹ̀, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó mú bébà kan jáde, ó ń bi wá léèrè, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

“Àbúrò rẹ ni?”

“Àbúrò mi ni, sà.”

“Yàrá kan náà lẹ jọ ń sùn?”

Sikírá wò mí. Mo rántí ìkìlọ̀ tí wọ́n ṣe fún mi. Ojú tì mí pé dókítà á mọ̀ pé n kò pa á mọ́.

“Rárá, sà. Ilé àǹtí wa kan ló ń sùn sí. Èmi nìkan ni mo ń dá sùn.”

“Ó dáa. O ṣeun tó o pa ìkìlọ̀ mọ́.” Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún Sikírá ní oògùn kékeré náà kó tó di pé Èkó pè é. Ó mi orí. “Bó bá ṣe tèmi ni, màá fún un lónìí. Ṣùgbọ́n dókítà àgbà kò tíì rí i. Màá kọ̀wé lọ.” Ó kọ ọ́, Èkó sì dáhùn pé èrò ti pọ̀ ju ti ìgbà tèmi lọ, orúkọ ni wọ́n ń tò sórí ìlà báyìí, kó wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje.

Ìyá wa gbọ́ ọ̀sẹ̀ méje, ó da ojú apẹ̀rẹ̀ ẹja délẹ̀, ó jókòó lé e. Lẹ́yìn tí a jẹun tán, ó ní kí n gbé oògùn mi wá. Ó tú u sórí àwo.

“Ìyá, orúkọ mi ló wà lára ìwé rẹ̀.”

“Ta ló sọ ọ́ lórúkọ? Èmi ni mo sọ ìwọ àti Sikírá lórúkọ. Oògùn ìjọba ni, ìjọba kò bí ìwọ nìkan.”

“Dókítà ní kò gbọdọ̀ dín.”

“Múìbá.” Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Láti kékeré, ǹjẹ́ o jẹ ẹja tán rí láìṣẹ́ kù fún ọmọ yìí? Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ara tìrẹ ti ń yá. Ṣẹ́ kù fún àbúrò rẹ.”

Sikírá ń sunkún, ó ní òun kò fẹ́. Ẹ dákun, ẹ bá mi gbé e yẹ̀ wò. Èmi ni mo gbé ikọ́ yìí wọ inú yàrá tó ti kó o. Tí mo bá wá mú oògùn mi dání tí mo ní tèmi nìkan ni, kí ni ẹ fẹ́ kí n máa pe ara mi? Èmi ni mo gbé èyí tó jẹ́ tirẹ̀ sí i lọ́wọ́. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ohun tó yẹ kí ẹnì kan lò lójoojúmọ́, àwa méjì là ń lò ó.

Kí ẹ sì wá gbọ́ èyí tó burú jù. Sikírá sàn. Òógùn rẹ̀ dáwọ́ dúró, ó ń jẹun, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà kún. Ìyá wa ń kọrin nídìí ààrò. Nígbà tí ọjọ́ tí Èkó dá fún un kò, ìyá wa ní kí la fẹ́ gbé ọmọ tára rẹ̀ dá lọ kọ sínú ìwé àwọn oníkọ́ fún, nígbà tí àwọn àna wa ní ènìyàn l’Ékòó. Sikírá wojú mi kó lè mọ ohun tí mo máa sọ. Mo tẹjú mọ́ aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ tí mò ń rán. Ọjọ́ náà kọjá.

Ìgbà tí mo tún lọ gba oògùn, dókítà gbé mi sórí ìwọ̀n.

“Aránṣọ, o ń fọn. Ṣé ò ń lo oògùn yìí pé?”

“Mò ń lò ó, sà.”

“Gbogbo rẹ̀?”

“Gbogbo rẹ̀.”

“Àbúrò rẹ ńkọ́?”

“Ara rẹ̀ ti yá, sà. Wọ́n ti rí i l’Ékòó, wọ́n ní kò sí nǹkan.”

Ẹnu mi ló ti jáde, ẹnu mi yìí náà. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá jẹ́wọ́, wọ́n á gba ìwé lọ́wọ́ mi, àwa méjèèjì á sì pàdánù.

Ọ̀sẹ̀ méjì kí ìgbéyàwó tó kò, Sikírá ń to òbòkún yíyan sórí àtẹ ní Ọjà Olúwo, ikọ́ gbé e, ẹ̀jẹ̀ sì ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀. Àbúrò ìyá ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wà níbẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti rán ènìyàn wá sílé wa. Wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n ní àwọn kò bínú, wọ́n sì gba ẹrù ìdána wọn lọ. Èmi náà, ẹ̀jẹ̀ ti tún ń jáde lẹ́nu mi láti bí ọjọ́ mẹ́rin, mo ń fi í pamọ́.

Mo mú Sikírá lọ bá dókítà, nọ́ọ̀sì sì tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì ní yàrá kejì. Lọ́tẹ̀ yìí mo sọ gbogbo rẹ̀: oògùn tí a pín, ọjọ́ tí a jẹ́ kó kọjá, ẹní tí a jọ ń sùn lé. Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

“Kí ló dé tó o fi sọ fún mi pé ẹ kì í sùn pọ̀?”

“Ojú ló tì mí, sà.”

“Aránṣọ, kì í ṣe láti bá ọ wí ni mo fi béèrè. Òfin náà ní ẹni tó bá ń bá aláìsàn sùn nínú yàrá kan náà kò ní tò sórí ìlà, kíá ni kí wọ́n rí i. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọn ì bá fi rí i. Èmi ì bá sì máa fún un ní oògùn tirẹ̀ níbí.”

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. N ò lè fi kún un, n ò sì lè yọ kúrò níbẹ̀.

Ó kọ lẹ́tà lójú ẹsẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ náà wọ́n gba àwa méjèèjì sílé ìwòsàn l’Ékòó. Dókítà àgbà wo fọ́tò wa. Ó ní oògùn tí kò bá pé lára, ńṣe ló ń kọ́ àìsàn lọ́gbọ́n; ikọ́ náà ti mọ oògùn wa, kò bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Wọ́n wá òmíràn fún wa. Bẹ́ẹ̀dì márùn-ún ló wà láàárín èmi àti Sikírá. Lójoojúmọ́ ni mo máa ń rọra rìn lọ bá a.

“Àǹtí mi, ẹ ti rán aṣọ ìgbéyàwó mi tán?”

“Ó ku ọrùn.”

“Tí ẹ bá délé, ẹ bá mi dín in. Mo ti tín-ín-rín o.” Ó rẹ́rìn-ín, ikọ́ dá a dúró.

Ọjọ́ kan mo sọ fún un pé kó forí jì mí. Ó ní, “Kí ni mo fẹ́ fi jì yín? Ẹ ṣẹ́ kù fún mi.” Kò mọ ohun tí mò ń tọrọ àforíjì fún. N kò sì ní agbára láti ṣàlàyé.

Ọjọ́bọ̀ kan, mo jí, mo rí i tí àwọn nọ́ọ̀sì ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ọjọ́ náà ni wọ́n gbé e gba orí omi lọ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sin ín. Wọn ò jẹ́ kí n lọ. Kí Ọlọ́run Ọba bá mi fi àlùjánńà kẹ́ ẹ.

Oṣù mẹ́sàn-án ni mo lò níbẹ̀ kí ikọ́ náà tó fi mí sílẹ̀. Ó ti tó ọdún méjì báyìí tí fọ́tò àyà mi ti ń mọ́. Abẹ́rẹ́ wọ̀nyẹn mú etí mi òsì lọ, ẹ̀dọ̀fóró mi ọ̀kan kò sì jí dáadáa mọ́, bí mo bá gun òkè díẹ̀ màá jókòó. Ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ ni mo fi ń ránṣọ báyìí, ẹsẹ̀ mi kò lè tẹ ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọkọ mi ti fẹ́ ìyàwó mìíràn, ṣùgbọ́n Rúkáyá ti padà sọ́dọ̀ mi, ó sì ti wọ iléèwé. Ó ń gba ẹ̀gbẹ́ etí mi ọ̀tún bá mi sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ lo oògùn yín tán. Ẹ má fi ti yín ṣàánú ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó dùn yín tó. Ẹ dá sùn. Bí ẹlòmíràn bá ń wúkọ́ nínú ilé yín, ẹ lọ gba ìwé tirẹ̀ fún un. Bí dókítà bá sì bi yín ní ìbéèrè tó fẹ́ tì yín lójú, ẹ dáhùn rẹ̀ bó ṣe rí gan-an, ojú tó tini kì í pani.

Ìyá wa kò yan ẹja mọ́. Ó ti rù. Bí àwọn ènìyàn bá lọ kí i, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń sọ fún wọn, pé àwo tí òun tú oògùn sí ló pa ọmọ òun. Wọ́n á ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, ó á tún sọ ọ́. Èmi máa ń jókòó tì í, màá mú un lọ́wọ́, màá ní, “Ìyá, kádàrá ni.” N ò tíì sọ fún un rí pé dókítà bi mí ní ibi tí Sikírá ń sùn. Ìyá wa kò mọ̀wé kà, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, màá wọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́, màá kó ìwé yìí dání, màá sì kà á sí i létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.